Ìbéèrè Tí Indumati Bi Ayálégbé Rẹ̀

"Ta ló ń se oúnjẹ fún ẹ nígbà tí ibà dá ẹ dùbúlẹ̀?" Vatsala ará ilé kejì ò tíì jókòó tó ti ń béèrè.

"Ọmọ tó wà lókè ni," Indumati dáhùn. "Pradnya. Á se ìrẹsì mọ́ ẹ̀wà títí á fi rọ̀, á wá fi ṣíbí bù ú sí mi lẹ́nu. Ọmọ dáadáa ni."

"Mo gbọ́. Ọmọ ta ni?"

"Mi ò bi í rí," Indumati dáhùn. Láti ìgbà òjò ni ọ̀dọ́bìnrin náà ti gba yàrá lókè ilé rẹ̀ ní Kolhapur, nílẹ̀ Íńdíà. Ẹnjiníà ni níléeṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná. Kì í pariwo, kì í gba àlejò ọkùnrin. Ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé rẹ̀? Kò sọ ọ́ rí.

"Háà! Ìwọ, opó àlùfáà tẹ́ńpìlì!" Vatsala pàtẹ́wọ́. "O jẹun lọ́wọ́ ẹni tí o ò mọ ìran ẹ̀? Orúkọ yẹn gan-an ń fu mí lára; àwọn ìran tí wọ́n kà sí aláìmọ́ ló sábà ń jẹ́ irú ẹ̀. Wádìí ẹ̀ o, kí àdúgbò tó bá ẹ wádìí ẹ̀."

Lẹ́yìn tí Vatsala lọ, ọ̀rọ̀ náà ń yún Indumati bíi wèrèpè. Nígbà tí Pradnya tibi iṣẹ́ dé, Indumati dá a dúró lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Ọmọ mi, má bínú o. Ìran wo lẹ jẹ́ nílé yín?"

Pradnya gbé báàgì rẹ̀ sí èjìká kejì. "Màmá, bàbá bàbá mi ló máa ń wọ́ òkú màlúù kúrò ní abúlé wọn. Òun náà ló ń bó awọ ẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kó dé ìdí kànga. Ṣé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ nìyẹn?"

Pradnya gòkè lọ.

Láti kékeré ni ìyá Indumati ti kọ́ ọ pé oúnjẹ ọwọ́ irú ìran bẹ́ẹ̀ á dàrú nínú ẹni. Ó jókòó, ó fọwọ́ lé ikùn, ó ń ṣọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Kò sí nǹkan kan. Oúnjẹ náà ti di okun. Okun ọ̀hún ló fi jókòó yìí. Ta ló wá parọ́ fún ìyá òun? Ta ló parọ́ fún ìyá ìyá òun? Láyé ẹ̀, kò bi ara ẹ̀ nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí.

Ìró àpótí tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ lókè ló gbé e dìde. Ó rọra gun àtẹ̀gùn. Pradnya ló ń kó aṣọ.

"Ta ló ní kó o kẹ́rù?"

"Àwọn onílé kì í sọ ọ́ jáde, Màmá. Ibí kọ́ nilé àkọ́kọ́ tí mo máa kúrò torí ìran mi."

"Èmi ò lé ẹ. Bí Vatsala bá dé, èmi ni màá dá a lóhùn."

"Ẹ ṣé. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá ń wọlé tí mò ń jáde lẹ ó máa gbèjà mi. Ilé tí wọ́n á ti máa bẹ̀bẹ̀ kí n tó lè sùn, mi ò fẹ́ ẹ. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni màá lọ, ní àdúgbò àwọn ìran wa."

Ẹ̀bẹ̀ wà lẹ́nu Indumati, ó gbé e mì. Òótọ́ lọmọ náà sọ. Ó jókòó sílẹ̀, ó fa aṣọ sárì kan, ó bá a ká a.

"Bàbá bàbá ẹ yẹn," ó ní, "níbo ló ti wá ń pọnmi?"

Ọwọ́ Pradnya dúró. "Odò ni, nísàlẹ̀ ibi tí màlúù ti ń mu. Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ mọ̀ ni. Tó o bá lọ tán, ṣé mo lè wá gbọ́ ìyókù?"

"Ẹ̀yin? Ládùúgbò wa?" Ẹ̀rín fẹ́ pa Pradnya, kò rín in. "Ẹ ò mọ̀nà ibẹ̀, Màmá."

"Màá béèrè," Indumati dáhùn.