Táyà Keje

Táyà kì í gbó tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú rẹ̀ tí ó ń tẹ ilẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ lọ, bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀, tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín hun lábẹ́ rọ́bà, lè wà níbẹ̀ digbí. Iṣẹ́ tèmi ni láti ha ojú àtijọ́ kúrò, kí n lẹ tuntun mọ́ ọn, kí n sì sè é nínú ìkòkò irin ńlá títí méjèèjì yóò fi di ọ̀kan. Ẹni tí ó bá bá mi ṣe é lẹ́ẹ̀mejì ra táyà kan, ó lo mẹ́ta. Èyí tí a kò bá sì sọ dọ̀tun, ẹ̀yìn ilé ẹnì kan ni wọ́n máa ń sun ún sí, tí èéfín dúdú yóò máa gba ojú fèrèsé wọlé. Ọdún kọkàndínlógún mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo ń tú èyí tó bàjẹ́ wò ni, títí mo fi mọ èyí tí kò tíì bàjẹ́.

Àbúrò mi ọkùnrin ń wa ọkọ̀ akẹ́rù. Arìnnàkore ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí ohun tó kọ síwájú ọkọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó kó táyà ẹ̀yìn mẹ́fà wá, ojú gbogbo wọn ti dán bí ìpàkọ́ apárí. Ọjọ́bọ̀ ni yóò kó sìmẹ́ǹtì gba ọ̀nà orí òkè, ọ̀nà tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ fún wákàtí méjì gbáko, tí ọ̀gbun wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Bí táyà kan bá bẹ́ níbẹ̀, èkejì rẹ̀ ni yóò gba gbogbo ẹrù, òun náà yóò sì bẹ́. Kò sí ibi tí awakọ̀ lè yà sí. Àwa méjèèjì mọ̀ ọ́n, a kò sọ ọ́ síta. Ó kàn bi mí bóyá ojú tuntun mi lè gbé òun dé ìsàlẹ̀. Mo ní bí ara táyà bá ti dára, yóò gbé e dé ìsàlẹ̀, yóò sì tún gbé e gòkè padà.

Bí mo ṣe ń mọ ara tó dára nìyí: mo máa ń gbé táyà kọ́ sórí irin, kí n máa yí i díẹ̀díẹ̀, kí n máa fi òòlù kékeré kàn án. Èyí tí ara rẹ̀ le yóò dáhùn pẹ̀lú ohùn tó mọ́. Èyí tí ìpele inú rẹ̀ ti ń ṣí kúrò lára ara wọn yóò dún bí ìgbà tí èèyàn gbá ìrọ̀rí. Táyà tó bá sì ti dáhùn, n kì í fi ọ̀bẹ kàn án. Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dáhùn. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí wọn lára, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo lọ fọwọ́.

Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti di méje.

Ìkeje fara ti ògiri bí ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀. Ilẹ̀kùn irin wa kì í ṣí kó má pariwo, bẹ́ẹ̀ n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo fọwọ́ kan táyà náà. Ó gbóná, bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé, oòrùn kì í sì í dé ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn. Wọ́n ti fi ojú tuntun sí i, ó sì ti bẹ́. Ní èjìká rẹ̀, níbi tí ojú ti pàdé ẹ̀gbẹ́, ó ya tó gígùn apá èèyàn, wáyà yọ síta bí irun, ojú tó wà lókè ibẹ̀ sì ti ṣí lọ.

Mo mọ ìlà ojú náà. Rọ́bà tí mo gé sílẹ̀ fún Arìnnàkore láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni, tó ṣì wà lórí tábìlì mi. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú táyà náà. Àmì mi wà níbẹ̀, èyí tí mo máa ń fi irin gbígbóná kọ sínú iṣẹ́ tí mo bá parí, bí òòyà eléyín mẹ́rin, tí eyín ìkẹyìn rẹ̀ máa ń wọ́ díẹ̀ nítorí ọwọ́ mi. Mo ka nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é tẹ̀ sí i lára, mo sì lọ ka ti àwọn mẹ́fà. Ti ìkẹrin ni. Nọ́ńbà kan náà, àti àpá kan náà níbi tí òkúta ti ha á. 

Mo pe fọkanáísà tí ògiri kan pín àwa méjèèjì níyà. Ó wo ìkẹrin, ó wo ìkeje, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Táyà, ìkòkò yín ti bí ìbejì. Ẹ kú ewu."

Mo ní kó ka nọ́ńbà wọn. Ó kà á, ó tún fi ìka tọ ọ́ kà. Lẹ́yìn náà ó ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun, ó sì lọ. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Mo jókòó, mo rò ó. Ohun tí n kò bá mọ ìdí rẹ̀, mo ṣì lè wọ̀n ọ́n. Mo fi téèpù wọn ìkeje láti ibi nọ́ńbà dé àárín ibi tó ya, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibẹ̀ gẹ́lẹ́ lára ìkẹrin, mo sì kan ibẹ̀ lóòlù. Ó dáhùn kedere. Mo kàn án bí ìgbà mẹ́wàá, etí mi kò rí ẹ̀sùn kankan kà sí i lẹ́sẹ̀. Mo da àpò bo ìkeje, mo lọ mú ọ̀bẹ.

Bí Arìnnàkore ṣe wọlé bá mi nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣe?"

"Mo fẹ́ ṣí èyí wò."

"Ṣé kò dáhùn ni?"

"Ó dáhùn."

"Táyà tó dáhùn lẹ fẹ́ pa? Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹni tó bá fi ọ̀bẹ kan táyà tó yè, kó kúkú lọ máa ta ẹran?"

Mo fi ìka lé ibi ṣọ́ọ̀kì náà, mo bi í bóyá ohunkóhun ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí. Ó wo bàtà rẹ̀.

"Ìṣó kékeré kan ni," ó wí. "Ó ti tó oṣù mẹ́ta. Mo yọ ọ́, mo fi gọ́ọ̀mù dí i, mo fi páálíìṣì bàtà pa á lójú. Mo mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá rí i léjìká, ẹ ò ní gbà á."

Òótọ́ ni, n kì bá tí gbà á. Ihò àárín ojú, mo lè dí i kó pẹ́. Ṣùgbọ́n èjìká ló ń tẹ̀ tó ń nà ní gbogbo ìgbà tí táyà bá ń yí. Àbúrò mi ti jókòó tì mí lẹ́nu iṣẹ́ pẹ́ débi pé ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń tan òòlù mi jẹ: gọ́ọ̀mù tó bá ti le a máa dáhùn bí ara tó yè.

Mo ti ọ̀bẹ bọ ìkẹrin. Bí mo ṣe ń gé e, nǹkan kan mí kanlẹ̀ lábẹ́ àpò. Arìnnàkore yíjú síbẹ̀, n kò yíjú ní tèmi. Omi ti gba ihò ìṣó wọlé: ìpẹtà pupa ló kún inú ibi tí mo ṣí, wáyà rẹ̀ sì ń já láàárín ìka mi bí òwú tó ti jẹrà. Ó bi mí báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo ní ẹnì kan ló sọ fún mi.

Mo bá a mú ara mìíràn nínú àwọn tí mo tọ́jú. Kí ilẹ̀ Ọjọ́rú tó ṣú, mo ti ha wọ́n, mo ti lẹ̀ wọ́n, mo ti sè wọ́n, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó lọ.

Fóònù kì í wọlé lórí òkè yẹn. Mo ṣáà ń lọ fọwọ́ kan ìkeje. Láàárọ̀ ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ọ̀sán ṣe ń pọ́n ni ó ń gbóná sí i, nígbà tó sì di nǹkan bí agogo mẹ́ta, ọwọ́ mi kò gbà á mọ́, òórùn rọ́bà tó ń jó sì gba gbogbo ilé iṣẹ́. Mo dúró tì í, mo ń pe orúkọ tí ìyá wa sọ àbúrò mi. Nígbà tó yá, táyà náà tutù lójijì bí òkúta inú odò, n kò sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Arìnnàkore wọlé, kò fun fèrè bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní ní nǹkan bí agogo mẹ́ta, níbi tí ọ̀nà ti sọ̀ jù, òun rí ojú táyà tó ṣí, ó nà gbalaja níwájú òun, ó ń rú èéfín. Òun rọra dúró. Kò sí ọkọ̀ kankan níwájú. Òun wo inú ọ̀gbun, koríko ibẹ̀ kò tilẹ̀ tẹ̀. Ó wọ́ rọ́bà náà jáde látẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbé e síwájú mi. Ìlà tèmi ló wà lára rẹ̀.

Mo ká àpò kúrò lórí ìkeje. Ó ka nọ́ńbà rẹ̀, ó wo inú rẹ̀. Mo gbé rọ́bà náà lé ibi tó ṣí. Ó bá a mu bí ìdérí ìkòkò, títí dé etí ibi tó fà ya.  Àbúrò mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ kan àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, kí n máa gbọ́."

A yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbé wọn kọ́, ó sì fi etí ti rọ́bà bí mo ṣe ń kàn wọ́n. Èkíní dáhùn, èkejì dáhùn. A ṣe é títí a fi dé ìkẹfà. Ó dáhùn kedere.

Ó ní kí n tún un kàn.