Orúkọ Tí Mo Pè Nínú Yàrá Ìsàlẹ̀

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ká tiẹ̀ ní èmi nìkan ló kó bá ni, ǹ bá ti gbàgbé. Ó kó bá ìyá àgbà kan tó wọ bàálù odidi ọjọ́ kan gbáko láti Sydney wá sí Manchester nítorí páálí kan ṣoṣo.

Ọdún 1994 ni. Mo ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan láàárín ìlú, kí ọkọ mi Akínlóyè tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì. Yàrá ìsàlẹ̀ ni tèmi. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ohun tí wọn kò pàtẹ sí, èmi àti Andrew, òyìnbó tí a jọ ń ṣiṣẹ́, la sì ń wo rẹ́jísítà àtijọ́, tí à ń kọ orúkọ nǹkan sára páálí tuntun. Mo ti kọ ìlẹ̀kẹ̀, mo ti kọ ọ̀kọ̀, mo ti kọ bàtà. Èèyàn ni n ò retí.

Ọjọ́ tí mo ṣí ojú ewé tí wọ́n kọ ọ́ sí, mo figbe ta. Egungun ọkùnrin kan ló wà nínú páálí lórí pẹpẹ ẹ̀yìn mi, ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà, àwọn tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Wọ́n hú u nígbà tí wọ́n ń la ojú irin rélùwéè, orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ sì wà níbẹ̀ gbalaja. Andrew ní kí ló dé.

"Ẹ kó òkú olókùú sórí pẹpẹ, o wá ń bi mí pé kí ló dé?"

Ó ní ẹ̀bi òun kọ́, wọ́n ti kó o síbẹ̀ kí wọ́n tó bí òun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n inú mi ò rọ̀. Láti ọjọ́ náà n ò lè jókòó kẹ́yìn sí pẹpẹ yẹn mọ́.

Àṣé àwọn ẹbí rẹ̀ ti ń kọ lẹ́tà láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, pé kí wọ́n dá a padà. Ìgbà tó yá ni ìgbìmọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní kí wọ́n rán ẹnì kan wá, wọ́n sì rán ìyá àgbà tí mo wí yẹn, Àǹtí Monica. Iṣẹ́ Àǹtí ní Sydney ni kí wọ́n máa ṣọ́ ibojì àti ilẹ̀ ọ̀wọ̀ àwọn baba wọn láàárín ìlú ńlá, níbi tí wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé òkú lórí, tí títì ti gba ojúbọ kọjá. Wọ́n á kó àwọn ọmọ iléèwé lẹ́yìn, wọ́n á fi èyí tó kù hàn wọ́n. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ibẹ̀ rò pé àwọn ti run tán. "A wà níbẹ̀, à ń wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú wọn."

Àdéhùn ìgbìmọ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi rẹ́jísítà han Àǹtí, kí ẹnikẹ́ni má sì dárúkọ òkú náà fún wọn. Lọ́jọ́bọ̀, kí wọ́n kọ orúkọ òkú náà sórí ìwé. Bó bá bá ti rẹ́jísítà mu, kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Ó parí. Àmọ́ kò sẹ́ni tó rántí sọ fún èmi tó wà nísàlẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Andrew mú wọn sọ̀kalẹ̀ wá. Ìyá kúkurú ni wọ́n, irun wọn funfun, kóòtù tí wọ́n yá wọ̀ ń wọ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n dìde, kí n pe àwọn ní àǹtí bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n nílé.

"Ẹ ẹ̀ rí i!" mo ní. "Àwa náà nìyẹn!"

Wọ́n dúró síwájú páálí náà, wọn ò fọwọ́ kàn án, wọn ò sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń yún mi lára. Níbi tí wọ́n ti bí mi, bí ọmọ bá dé ibi tí bàbá rẹ̀ sùn sí, a ó pe òkú náà lórúkọ, kó lè mọ̀ pé ọmọ òun dé. Ni mo bá la ẹnu gbàgà. Mo pe ọkùnrin náà, orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta, tohùntohùn. Mo ní kó dìde, ọmọ rẹ̀ ti wá mú un, àjò kì í dùn kónílé má relé.

Àǹtí Monica fi ọwọ́ méjèèjì bo etí.

Mo rò pé ayọ̀ ni. Ìgbà tí wọ́n jókòó sórí àga Andrew, tí wọ́n kẹ́yìn sí mi, ni mo mọ̀ pé mo ti dáràn. Wọ́n ní lọ́dọ̀ àwọn, a kì í pe orúkọ òkú, nítorí ó ń dí i lọ́nà àjò rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn baba rẹ̀ ni.

"Ẹ dákun, Àǹtí. N ò mọ̀. Báwo lẹ wá ṣe ń rántí wọn?"

"À ń rántí wọn. Ẹnu nìkan la pa mọ́."

Nígbà tí mo ń lọ sílé, bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá Moss Side tí à ń gbé, n ò mọ̀. Mo ròyìn fún Akínlóyè, mo ní irú àṣà wo nìyẹn. Ó wò mí. Ó ní, "Fọláwẹ̀mí, láti ọjọ́ tí mo ti gbé ọ níyàwó, ṣé o ti pe àbúrò mi lórúkọ rí? Ìdílẹ̀kẹ̀ lo máa ń pè é. Ṣé o ò mọ orúkọ rẹ̀ ni?"

Ọjọ́bọ̀ dé. Àwọn mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ ló jókòó, alága wà láàárín. Àǹtí Monica kọ orúkọ náà, wọ́n da ojú ìwé délẹ̀, wọ́n sì tì í sọ́dọ̀ alága. Alága yẹ rẹ́jísítà wò. Ó bára mu. Ó ti mú gègé láti buwọ́ lùwé kó tó rántí béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti sọ orúkọ náà fún wọn tẹ́lẹ̀.

"Rárá," Andrew wí. Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó lọ́jọ́ náà.

"Rárá o," èmi náà wí. Irọ́ gbuu.

"Ọmọbìnrin yìí pè é," Àǹtí Monica sọ. "Mo ti mọ̀ ọ́n látilé, ṣùgbọ́n ó pè é. Mi ò ní fi irọ́ gbé e délé."

Alága gbé gègé sílẹ̀. Ó ní tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé yẹn ò wúlò mọ́. Kí wọ́n wá fẹnu ka ìran wọn, láti orí ọkùnrin náà títí dé orí ara wọn, sínú téèpù, nítorí ìyẹn ò sí nínú rẹ́jísítà.

Mo dìde fùú. Mo ṣàlàyé ti Ìdílẹ̀kẹ̀ fún un, pé kéèyàn má pe orúkọ yàtọ̀ sí kéèyàn má mọ̀ ọ́n. Ó ní ó dùn ún gbọ́. Mo ní kí Àǹtí sọ àwọn orúkọ náà sí mi létí, kí èmi pè wọ́n, ẹnu mi ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó ní n kì í ṣe ẹbí. Inú ń bí mi débi pé mo ń sunkún.

Àǹtí Monica ní kí n jókòó. Wọ́n sún mọ́ téèpù náà. Wọ́n pe orúkọ márùn-ún, ohùn wọn sì ń lọ sílẹ̀ sí i. Òkú tó kẹ́yìn tí wọ́n pè ni ìyá wọn, tí wọ́n sin lóṣù méjì sẹ́yìn.

Alága buwọ́ lùwé. Lọ́jọ́ Sátidé, Àǹtí gbé baba ńlá wọn lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, Andrew sọ̀kalẹ̀ wá, kò wò mí lójú. Ó gbé téèpù náà kalẹ̀ síwájú mi. Ìgbìmọ̀ ní ó ti di ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí n kọ orúkọ márààrún sí i lára, kí n gbé e sórí pẹpẹ tí wọ́n ti gbé páálí yẹn kúrò.