Asẹ́ Orí Òkè Tash-Korgo

Rọ́tà orí òkè, ẹ̀rọ tó ń darí íńtánẹ́ẹ̀tì abúlé, dákẹ́ mọ́ Sanjar lọ́wọ́. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó tún un tẹ̀. Kò sí ìdáhùn.

Láti àárọ̀ ni pàǹtírí ti ń rọ́ wá láti inú àwọn kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, tó fẹ́ dí ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì abúlé Tash-Korgo pa. Ọ̀gá rẹ̀, Kubat, ní kó fi asẹ́ sí i: kí rọ́tà gba ẹni tí a mọ̀, kó lé ìyókù. Asẹ́ kì í ronú. Láti òkè ló ti ń ka àṣẹ wá sísàlẹ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ mu ló ń tẹ̀ lé. Sanjar ti fi “lé gbogbo wọn” ṣáájú, lójú ọ̀nà kan náà tí òun fúnra rẹ̀ gbà wọlé láti ìlú Naryn. Rọ́tà ti lé òun àti gbogbo abúlé pọ̀ mọ́ pàǹtírí.

“Ṣé o sọ fún un kó tún ara rẹ̀ tàn?” Kubat bi í.

Àṣà wọn nìyẹn, nítorí yìnyín tó ń dí ọ̀nà òkè. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan rọ́tà yẹn, wọ́n á ní bí kò bá gbúròó wọn mọ́, kó pa ara rẹ̀, kó sì fi àṣẹ àtijọ́ jí.

Sanjar mi orí. “Ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe kíá, bọ̀dá.”

“Kíá ni mo ní. Mi ò ní kó o ju kọ́kọ́rọ́ sínú ilé kó o tó ti ìlẹ̀kùn.”

Fóònù dún. Dókítà ìlú ni. “Sanjar, ọ̀rọ̀ já mọ́ èmi àti Burulcha agbẹ̀bí lẹ́nu. Obìnrin kan bímọ ní Tash-Korgo, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Burulcha ò dá irú ẹ̀ bójú tó rí.”

Kò sí ọ̀nà ìpè mìíràn tó dé abúlé náà.

Sanjar wa ọkọ̀ gun òkè. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ni ìyá rẹ̀ máa ń wí bó bá ń fún wàrà abo ẹṣin. Ọ̀rọ̀ náà ń bá a yí gbogbo kọ̀rọ̀. Níbi tí ọkọ̀ ti rì sínú yìnyín, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn ìyókù.

Nínú ahéré irin tó wà nídìí òpó íńtánẹ́ẹ̀tì, iná rọ́tà ń ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Sanjar fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, ó gbé ìlà kan ṣoṣo, “lé gbogbo wọn”, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ọ̀nà là.

Fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lápò. Àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí Burulcha ti kọ láti ìgbà tí ọ̀nà ti dí ló ń wọlé tẹ̀ lé ara wọn.

“Àbúrò, ọ̀nà ti já. Jọ̀wọ́.”

“Bá mi bi dókítà pé kí ni kí n ṣe. Ẹ̀jẹ̀ náà ò dá.”

“Sanjar, ṣé o wà níbẹ̀?”

Èyí tó kẹ́yìn ni: “Bó o bá ti wà lójú ọ̀nà, rọra máa bọ̀. Yìnyín pọ̀. Obìnrin náà ti dákẹ́. Kò sí ìkánjú mọ́.”

Sanjar jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Rọ́tà ń gba ẹni tí a mọ̀, ó ń lé ìyókù. Láti àárọ̀, ohun tí wọ́n ní kó ṣe náà ló ń ṣe.