Orin Kẹtàdínlógún Inú Ìwé Ọ̀gá Samuel

Púráímárì kejì ni ìwé mi mọ. Orin ló kún inú mi tí kò jẹ́ kí ìwé ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n ọmọ mi Túnmiṣe, tí kò ríran láti ọmọ ọdún mẹ́rin, ìka ló fi ń kàwé. Ẹ̀rọ tó fi ń kà á kò ju ìwé orin ìjọ lọ. Àwọn ẹ̀gún wẹ́wẹ́ á yọ sókè lábẹ́ ìka rẹ̀, wọ́n á tún wọlé, ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹgbẹ́ kan tó ń ṣe ìwé orí kọ̀ǹpútà fún àwọn afọ́jú ló gbà á síṣẹ́. Tí kọ̀ǹpútà bá ya ojú ìwé, tó sì ṣi lẹ́tà kan kà, Túnmiṣe á fi ìka wá a rí, á tún un ṣe. Nínú ilé wa ní Òkè-Ìmẹ̀sí ló ti ń ṣe é.

Lọ́jọ́ kan mo ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé, ó pè mí.

"Yèyé mi, ẹ sáré wá. Orin yín ló wà lábẹ́ ìka mi yìí."

"Orin mi wo?"

"Gbogbo rẹ̀. Mọ́kànlélógójì. Ọ̀gá Samuel ló kọ ọ́ síwájú ìwé pé òun lòun dá wọn."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Samuel! Olùkọ́ àgbà tó fẹ̀yìn tì, tó wá láti Ìjerò lọ́dún tó kọjá pẹ̀lú fóònù gbàǹgbà, tó ní òun fẹ́ gba ohùn mi sílẹ̀ kí orin mi má bàa parun. Mo gún iyán fún un. Ó jẹun tán, Túnmiṣe jókòó jẹ́ẹ́, ó ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ kẹ́kẹ́kẹ́. Ọkùnrin náà fajú ro: "Ìyá, ẹ gbé afọ́jú yìí jáde, ó ń ba ohùn jẹ́." Túnmiṣe jáde. Mi ò bá ọkùnrin náà jà. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì dá orin tuntun kan lójú ẹsẹ̀ mọ́ àwọn tí mo ń kọ fún un. Ojú fóònù rẹ̀ ló ń wò, ó ń mi orí bí alángbá: "Ó dùn o, ìyá! Ẹ tún un kọ!" Mo tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Báyìí, mo ní, "Túnmiṣe, pa orúkọ rẹ̀ rẹ́! Fi tèmi sí i!"

"Yèyé, a kì í ṣe é. Àṣìṣe ẹ̀rọ ni mo lè tún ṣe. Ohun tí òǹkọ̀wé bá kọ, bẹ́ẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀, àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá ní kí n yí i."

Ìka rẹ̀ ṣáà ń lọ. Nígbà tó dé orin kẹtàdínlógún, ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi ń wú ikọ́. Orin tí mo fi bú Samuel ni! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́, tó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn síwájú ìwé, ló gbọ́ ohùn mi lórí fóònù tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Òun kò tilẹ̀ kà á kó tó lọ tẹ ìwé.

"Má sọ fún un o!" ni mo bẹ̀ ẹ́.

"Mo ní láti bi í, Yèyé. Iṣẹ́ ni."

Ó kọ̀wé sí i: Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo orin kẹtàdínlógún dáadáa, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ kó wà? Èsì dé: "Kí afọ́jú má kọ́ mi níṣẹ́ mi. Fi í sílẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́."

Mo jó yí ilé ká.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó ìwé náà jáde ní Ìjerò, Dorcas, ọ̀gá ẹgbẹ́ tó gba Túnmiṣe síṣẹ́, ní kó kà nínú rẹ̀ kí àwọn èèyàn rí bí afọ́jú ṣe ń kàwé. A wọ takisí lọ. Gbọ̀ngàn kún. Túnmiṣe gbé ẹ̀rọ lé itan.

"Ọ̀gá, èwo ni kí n kà?"

"Èyí tó bá wù ọ́. Omijé ni mo fi dá gbogbo wọn."

Ó gbé ìka lé e, ó sì fi ohùn tó jọ tèmi gbé e:

*Sámúẹ́lì, o jẹ uṣu nínú ulé mi,*
*O lé ọmọ mi síta.*
*Etí rẹ fẹ̀ bí ewé kókò,*
*Kò gba ọ̀rọ̀, orin ọlọ́rin ló ń gbà.*
*Ẹ bá mi bú u, ẹ bú u kó dùn!*

Àwọn obìnrin ẹ̀yìn gbè é: *Ẹ bú u kó dùn!* Èmi ni mo gbè é kíkan jù.

Samuel fò dìde, òógùn bò ó. "Kì í ṣe èmi ni mo dá a! Ìyá yìí ló dá a, ìyá Òkè-Ìmẹ̀sí yìí!"

Dorcas ní, "Ọ̀gá, ogójì tó kù ńkọ́?"

Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn, "Àbí omijé tìrẹ ló dá orin tó ń bú ọ?"

Ó jókòó. "Òun... òun ló dá wọn."

"Ṣé kí n yí i, ọ̀gá?" ni Túnmiṣe bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bu omi fún àlejò.

"Yí i."

"Orúkọ ta ni kí n kọ? Ẹ pè é kó ròkè, afọ́jú ni mí, mi ò rí ẹnu yín."

Ó pè é. Túnmiṣe ní kó tún un pè. Samuel pe orúkọ mi, Elizabeth Adéṣínà, lẹ́ẹ̀mẹta lójú gbogbo Ìjerò, mo sì ń jó sí i.