Ọ̀nà Inú Ilé

Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbé lẹ́yìn Ọjà Tuntun, mo sì máa ń fọ́nnu pé kò sí kọ̀rọ̀ àdúgbò náà tí ẹsẹ̀ mi kò dé. Àwọn ará Ìkìrun ẹgbẹ́ mi tí wọ́n kọ́lé sí ẹ̀yìn ìlú máa ń bi mí pé kí ni mo ń wá láàárín ògiri alámọ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n wá lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, kí wọ́n wá gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kéwú bí ó ṣe ń gba ojúlé dé ojúlé, kí wọ́n wá wo ògiri tó nípọn débi pé oòrùn ọ̀sán ò ráyè wọlé. Nathan Gbádéyan ni mí. Mo ń ṣe fọ́tókọ́pì ní Post Office. Mo máa ń tètè gbaná jẹ. Ìyàwó mi ló ní kí n fi ìyẹn kún un.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ìyá mi sọnù.

Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, iyè rẹ̀ sì ti ń ra. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo mú un dé láti Ìkìrun, gbogbo ọ̀sẹ̀ méjèèjì ló sì fi ń bi mí pé, "Ìgbà wo la máa lọ sílé?" Mo wọ ilé ìwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí mo fi máa jáde, àga rẹ̀ ti ṣófo. Ilẹ̀kùn iwájú ṣí sílẹ̀. Mo bọ́ síta tòun ti ọṣẹ létí.

Àwọn bàbá tó jókòó níwájú mọ́sálásí ní àwọn ò rí obìnrin kankan kó kọjá.

"Ẹ jókòó síbí láti ìdájí, ẹ ò rí ìyá arúgbó!" Mo jágbe mọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Post Office, mo yí ráńdábaòtù po lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá ṣe bí ẹni tó gbọ́n, mo ní Ìkìrun ló ń lọ, Ọ̀fà Garage ló máa ti wọkọ̀. Mo wo inú bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, mo bi awakọ̀, mo bi ẹni tó ń ta búrẹ́dì. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo abẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò rántí aṣọ tó wọ̀ mọ́.

Ó ti kọjá ìrun ọ̀sán kí ìyàwó mi, Christiana, tó rí i pé mo ti pe òun, kó tó pè mí padà láti ilé-ìwé tó ti ń ṣe tíṣà.

"Ṣé ẹ ti bèèrè nínú ilé?"

"Ilé wo? Ṣebí inú ilé ló ti jáde!"

"Bàbá Tẹniọlá, mo ní nínú ilé. Ẹ lọ bá Ìyá Mansur."

Ìyá Mansur ni Kàdíját, ìyàwó Àáfà Abdulfattah tó ni ilé wa. Ẹlẹ́hàá ni. Láti ọdún mẹ́ta, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀, láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Mo sáré padà sílé, mo kí i láti ìloro.

"Subuhanallahi! A ránṣẹ́ sí yín, wọ́n ní ẹ ti sáré jáde. Màmá ti jẹ ẹ̀kọ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n wà nínú ilé."

"Nínú ilé ta ni?"

"Áà, ẹ ò mọ ọ̀nà inú ilé ni?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo mọ gbogbo kọ̀rọ̀! Ó ṣàlàyé pé àwọn ìyá ọkọ òun àtijọ́ ló lu ilẹ̀kùn sára ògiri, láti agboolé dé agboolé, kí àwọn ẹlẹ́hàá lè lọ kí abiyamọ, kí wọ́n lọ wo aláìsàn, láìfi ẹsẹ̀ kan títì. Ọkùnrin kì í gbà á. Bí àgbà tí iyè rẹ̀ ti ra bá sì ní òun ń wá ilé, àṣà wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá a padà. Wọ́n á fún un lóúnjẹ, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn tó kàn fún un, títí yóò fi dé ibi tí òun fúnra rẹ̀ bá pè ní ilé.

Ìyá Mansur pe Àáfà lórí fóònù, ó gba àṣẹ, ó bo ojú, ó sì ṣáájú mi. "Ọkùnrin ń bọ̀ o! Ẹ bora o!"

Mo tẹrí ba wọ ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ nítorí kò ga, mi ò sì gbé orí náà sókè nítorí ìtìjú. Síbẹ̀ mo rí i. Olúwa mi! Ìlú mìíràn wà nínú ìlú tí mo ń gbé. Bí a ṣe ń jáde nínú àgbàlá kan là ń bọ́ sínú òmíràn: kànga tí okùn ti gé etí rẹ̀ wọnú, ìkòkò amọ̀ tí wọ́n mọ ní Òkèlele tó ga dé àyà mi, wàláà àwọn ọmọ kéwú tí wọ́n fọ̀ sá sóòrùn, igi òroǹbó tí mo máa ń gbóòórùn rẹ̀ lójú títì tí mi ò mọ ibi tó wà. Ilé kejì ní àwọn làwọn di apá ọ̀tún irun Màmá. Ilé kẹta ní apá òsì ni tàwọn. Ilé karùn-ún fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n lé làálì sí i, ìyá mi tó ti ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré. Kò sẹ́ni tó bi í pé ìyá ta ni, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀sìn rẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Ọdún mẹ́ta gbáko, ẹ̀yìn ògiri nìkan ni mo ti ń wò.

Ilé keje la ti bá a. Ó jókòó lórí ẹní pẹ̀lú Ìyá Àgbà Hadiyyah, arúgbó bíi tirẹ̀, wọ́n jọ ń jẹ wàrà nínú abọ́ kan, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, mi ò gbọ́ ẹ̀rín yẹn mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń sunkún bí ọmọ ọwọ́.

"Màmá, èmi ni. Nathan. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ó wò mí dáadáa. "Ilé nìyí," ó ní. Ó yíjú sí Ìyá Àgbà. "Àlejò ni. Oòrùn ti pa á. Ẹ fún un lómi."

"Ta ni àlejò náà?" Ìyá Àgbà bi í.

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó jọ ọmọ mi kan."

Ìyá Àgbà sún lórí ẹní, ó fún mi láyè. Mo gba omi náà, mo mu ún, mo sì jókòó tì wọ́n.