Ṣé Ẹ Ti Jẹun?

Bí ẹ bá rí Àǹtí Aránṣọ lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó wá gba èsì àyẹ̀wò, ẹ ó mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò sí níbi tó jókòó sí. Kókó kan ló yọ sí i lọ́rùn, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, láti ìgbà náà ni kò sì ti lè rán ìlà kan kó gún. Jẹjẹrẹ ni kò fẹ́ fẹnu pè. "Nǹkan yẹn" ló ń pè é, bíi pé tí kò bá ti dárúkọ rẹ̀, kò ní mọ̀nà ilé.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló tẹ̀ lé e. Wẹ́dà ni, géńdé tó ń dá gbé ilẹ̀kùn onírin, ṣùgbọ́n lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù, ṣe ló ká jọ bí adìẹ tí òjò pa.

Dókítà tuntun ni wọ́n bá nínú yàrá. Kì í ṣe ẹ̀yà wọn, òkèèrè ló ti wá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èdè wọn ketekete. Èdè kọ́ ló dá wàhálà sílẹ̀. Ìṣe ni.

Dókítà dìde fún wọn, ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó bu omi sí ife, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Àǹtí.

"Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?"

Àǹtí gba ife náà, kò mu níbẹ̀.

"Ṣé ẹ rí oorun sùn?"

Àǹtí yíjú wo àbúrò rẹ̀.

"Ta ló bá yín wá? Àbúrò yín ni? Ó dáa gan-an. Kò yẹ kẹ́ ẹ dá wá."

Ó parí! Àǹtí mọ orin yìí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, báyìí gan-an làwọn àgbà ẹbí ṣe wọlé. Wọ́n bi í bóyá ó ti jẹun, wọ́n bi í pé ta ló wà nílé pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n fún un lómi mu, kí wọ́n tó túfọ̀. Ta ni kò mọ̀ pé a kì í ṣàdédé la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ èèyàn lórí?

Ó gbé ife kalẹ̀, ó kọjú sí àbúrò rẹ̀.

"Maṣíìnì ìránṣọ mi, ìyàwó rẹ ni kó o fún."

"Ìyàwó mi kẹ̀?"

Ẹnu ya wẹ́dà. Ìyàwó yìí ló sọ lójú gbogbo ẹbí pé aṣọ tí Àǹtí rán fẹ́ẹ́ fún òun lọ́rùn pa. Láti ọjọ́ náà, wọn ò kí ara wọn mọ́.

"Òun náà ni. Sọ fún un pé mo ti dárí jì í. Inú ló bí mi, n ò kórìíra rẹ̀."

Ni wẹ́dà bá bú sẹ́kún. Dókítà wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Màmá, kí ló dé? Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ sọ ọ́, dókítà. Mo ti gba kámú. Ìgbà wo ni mo máa kú?"

"Kú kẹ̀! Ta ló sọ̀rọ̀ ikú? Kò sí jẹjẹrẹ níbẹ̀, Màmá. Kókó lásán ni, kò ní í ṣe yín ní nǹkan kan."

Àǹtí fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀, ara rẹ̀ sì fúyẹ́ bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rín tán ni ìbínú tó dé.

"Ẹ wá ń bi mí bóyá mo ti jẹun!"

"Ìkíni ni nílé tiwa. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kí àgbà tó mumi, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́."

"Ìtúfọ̀ òkú ni nílé tiwa! Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ míì, ẹ kọ́kọ́ sọ pé ara dá."

Dókítà bẹ̀bẹ̀ títí, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá mi lóhùn o, Màmá."

"N ò fẹnu kan nǹkan kan láti àná," ni Àǹtí wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. Dókítà fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó sì mú bisikíìtì jáde fún un.

Wọn ò tíì dé ẹnu géètì tí fóònù wẹ́dà dún. Ìyàwó rẹ̀ ni. Àǹtí já fóònù gbà.

"Ìyàwó mi, èmi ni." Ó pẹ́ tí wọ́n ti bára sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kò mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀. "Ṣé o ti jẹun?"

Igbe ta nínú fóònù.

"Yéè! Àǹtí! Ẹ má fi wá sílẹ̀ o!"

"Panu mọ́, ara mi dá! Mú aṣọ yẹn bọ̀, kí n bá ọ tú ọrùn rẹ̀."