Ilé Kan Nínú Ogún

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n rí inú fíríìjì yẹn."

Màmá Ìgbẹ́kẹ̀lé, opó tó jẹ́ aládùúgbò wọn, wo Mojísọ́lá bí ẹni pé ó ní kí òun bọ́ra sílẹ̀. Nígbà tó ṣí i, aṣọ olóògbé ọkọ rẹ̀ ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú páálí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí Màmá ń lò, tó ti ṣófo. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí fíríìjì náà ti bàjẹ́.

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi sọ fáwọn tó wá kọ fọ́ọ̀mù pé ẹ ní fíríìjì, pé ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ̀ ń jẹun lóòjọ́?"

"Mojí, ìyàwó òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mí ní Festac yìí. Ṣé ọmọ tí mi ò mọ̀ rí ni màá máa ròyìn ebi fún?"

Ọkàn Mojísọ́lá gbọgbẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ìlànà ìṣirò tí iléeṣẹ́ wọn ní Amuwo fi ń yan àwọn arúgbó tí yóò gba oògùn ọ̀fẹ́. Kọ̀ǹpútà á ka fíríìjì, á ka ilé ìgbẹ́ olómi, á sì sọ ẹni tó tòṣì. Ó ti fi yangàn pé kò ní sí ojúsàájú. Ọmọ Festac pọ́ńbélé sì ni! Ó gbàgbé pé ìjọba ló kọ́ ilé ìgbẹ́ olómi sí gbogbo ilé wọn, ebi ì báà máa pa onílé.

Ọ̀gbẹ́ni Adébánjí, ọ̀gá rẹ̀, ló ní kó lọ yẹ ogún ilé wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìṣirò náà péye. Ilé Màmá nìkan ni ìṣirò náà ti tàsé: ó kà á mọ́ àwọn tó rí jẹ.

"Ẹyọ kan nínú ogún? Mojísọ́lá, o gbìyànjú gan-an!"

"Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ Màmá kún àwọn tí yóò gba oògùn, sà."

"Ká máa fọwọ́ tún un ṣe? Àwọn tó gbówó sílẹ̀ á ní màgòmágó là ń ṣe. Módẹ́ẹ̀lì ìṣirò wa ti sọ̀rọ̀, ó parí."

Mojísọ́lá ra oògùn ní Agboju, ó gbé e lọ fún Màmá. Màmá dá a padà.

"Tórúkọ mi bá jáde, màá gbà á. Mi ò tọrọ rí, ọmọ mi."

Lóṣù kejì, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti dákẹ́. Mojísọ́lá sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Òfin iléeṣẹ́ ni pé kí wọ́n yọ orúkọ ẹni tó bá kú kúrò nínú gbogbo àkọsílẹ̀ wọn. Mojísọ́lá ló yọ ọ́. Kọ̀ǹpútà tún ìṣirò náà ṣe: ilé mọ́kàndínlógún, kò tàsé ẹyọ kan.

Ọ̀gbẹ́ni Adébánjí yọjú lẹ́yìn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti wá péye báyìí! Tẹ̀ ẹ́ jáde, ká fi ránṣẹ́ sáwọn tó gbówó sílẹ̀."